CT scan fún kókó inú kíndìnrín: ohun tó yẹ kí owó yín rà

Sikáànù ikùn (ultrasound) rí kókó lára kíndìnrín, dókítà ní kí ẹ lọ ṣe CT scan, ẹ̀rọ X-ray tó ń ya inú ara ní bíbẹ̀ bíbẹ̀. Iṣẹ́ yẹn gan-an la fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tó kù dúró lé: bóyá jẹjẹrẹ ni kókó náà, bóyá odidi kíndìnrín ni wọn yóò yọ tàbí ibi tó bàjẹ́ nìkan, àti irú oògùn tí aláìsàn yóò lò. Èrò wa rèé. Bí wọ́n bá ṣe é bó ti yẹ, nínú gbogbo àyẹ̀wò jẹjẹrẹ kíndìnrín, CT ló tọ́ sí owó tí a ná lé e lórí jù. Bí wọn kò bá fún aláìsàn ní oògùn contrast, èyí tó ń mú kí àwòrán hàn kedere, ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n ṣe, aláìsàn yóò sì tún padà wá sanwó lẹ́ẹ̀kejì.

Níbi tí sikáànù ti wọ́pọ̀, ó lé ní ìdajì àwọn tó ní jẹjẹrẹ kíndìnrín tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n kàn bá a pàdé. Fáíbúrọ́ìdì, ọgbẹ́ inú tàbí pírósíteètì ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi já lu kókó. Àmì mẹ́ta tí àwọn dókítà àtijọ́ máa ń kà ni ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, ìrora ní ẹ̀gbẹ́ ìhà, àti kókó tí ọwọ́ lè bà. Àwọn tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bá jà pọ̀ kò ju nǹkan bí 1 nínú 10 lọ, àìsàn náà sì sábà máa ń ti jinlẹ̀ lára wọn. Ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ni kí ẹ fi ọkàn sí jù. Ó lè wá lẹ́ẹ̀kan láìsí ìrora, kó pòórá fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó tún yọjú. Pípòórá rẹ̀ kì í ṣe ìwòsàn. Lọ́dọ̀ọ wa, ẹni tó lúwẹ̀ẹ́ lódò nígbà èwe a máa rò pé àtọ̀sí ajá ni, á sì lọ ra praziquantel. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti lé ní 40 ọdún, tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, kò gbọdọ̀ fi oògùn àtọ̀sí ajá parí ọ̀rọ̀ láìya sikáànù.

Àwọn tó yẹ kó tètè lọ ni àwọn tó ń mu sìgá, àwọn tó sanra jù, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, àwọn tó ti ń ṣe dialysis (fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀) fún ọdún púpọ̀, àti àwọn tí jẹjẹrẹ kíndìnrín wà nínú ẹbí wọn.

Sikáànù ikùn

Ó dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Kò wọ́n, kò ní ìtànṣán tó lè pa ara lára, ó sì mọ omi yàtọ̀ sí ẹran dáadáa. Bí ohun tó rí bá jẹ́ àpò omi lásán, tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí inú rẹ̀ dúdú mọ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ yàtọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Irú àpò omi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára àwọn tó ti lé ní 50 ọdún, kò sì béèrè CT. Ibi tó kù sí ni kókó tí kò tó 3 cm, ara tó sanra, àti ikùn tí gáàsì kún. Ọwọ́ ẹni tó dì í mú ló sì wà: ẹnì kan lè rí ohun tí ẹlòmíràn fò kọjá. Ìwé àbájáde tó kọ pé kókó wà lára kíndìnrín, tí kò sọ ti ọ̀tún tàbí ti òsì, tí kò sì sọ bó ṣe tóbi tó, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ pé.

CT gan-an: ìdí tí contrast fi ṣe pàtàkì

Ẹ̀rọ CT kì í ya àwòrán lásán. Ó ń díwọ̀n bí ohun kọ̀ọ̀kan nínú ara ṣe ki tó, ó sì ń fi nọ́ḿbà tí wọ́n ń pè ní HU sọ ọ́. Orúkọ Godfrey Hounsfield ni wọ́n fi sọ nọ́ḿbà náà, ọkùnrin tí ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán orí aláìsàn ní London lọ́dún 1971. Omi jẹ́ 0. Ọ̀rá wà nísàlẹ̀ òdo, nǹkan bíi −100. Àpò omi inú kíndìnrín sábà máa ń wà láàárín 0 sí 20. Kíndìnrín tó dá ṣáṣá fúnra rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 30 sí 40 kí oògùn tó dé ibẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ kókó jẹjẹrẹ wà. Ẹ rí ìṣòro náà. Láìsí contrast, kókó àti kíndìnrín ti fara jọra tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tó kéré fi lè fara pamọ́ pátápátá, èyí tó tóbi sì lè hàn, síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè sọ ohun tó jẹ́.

Contrast ni oògùn aláyodíìnì tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ sínú iṣan ọwọ́. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ń lọ lòun náà ń lọ, jẹjẹrẹ sì ń mu ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà wọn yóò díwọ̀n kókó náà kí oògùn tó wọlé, wọn yóò tún díwọ̀n ibì kan náà lẹ́yìn tó wọlé. Bí nọ́ḿbà náà bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gòkè, ẹran tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ni. Bí kò bá tó 10, kò mu ẹ̀jẹ̀. Láàárín 10 sí 20, iyèméjì ló kù, MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya inú ara, ló sì lè tú u. Àpẹẹrẹ kan: kókó tó jẹ́ 35 ṣáájú, tó di 95 lẹ́yìn, ti sọ ara rẹ̀. Èyí tó jẹ́ 55 ṣáájú, tó ṣì jẹ́ 57 lẹ́yìn, àpò omi tí ẹ̀jẹ̀ dà sí nígbà kan rí ló sábà máa ń jẹ́. Bí wọ́n bá ya ti ẹ̀yìn nìkan, 57 yẹn lè mú kí wọ́n pè é ní jẹjẹrẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ẹni tó ya CT lẹ́yìn contrast nìkan, tí kò ya ti ìṣáájú, òun náà kò tíì ṣe iṣẹ́ pé.

Bí iṣẹ́ náà ṣe yẹ kó lọ rèé. Wọn yóò kọ́kọ́ ya láìsí oògùn. Wọn yóò fi ẹ̀rọ ti nǹkan bí 100 ml contrast wọlé, ó lè dín tàbí kó lé bí ara bá ṣe tóbi tó. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 40, wọn yóò ya àkọ́kọ́: eteetí kíndìnrín ń tàn, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ̀ ọ́ hàn kedere, oníṣẹ́ abẹ yóò sì mọ iye iṣan tó máa dì. Irú jẹjẹrẹ kíndìnrín tó wọ́pọ̀ jù, tí wọ́n ń pè ní clear cell, a máa tàn gan-an ní àkókò yìí, nígbà tí irú papillary kì í fi bẹ́ẹ̀ tàn. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 100, gbogbo kíndìnrín ti dọ́gba, ìgbà náà ni kókó kékeré kò ní ibi tó lè sá sí. Bí dókítà bá fura pé inú ojú ọ̀nà ìtọ̀ ni jẹjẹrẹ náà ti bẹ̀rẹ̀, wọn yóò tún ya lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 sí 10, nígbà tí contrast ti dé inú ìtọ̀. Kí bíbẹ̀ àwòrán kọ̀ọ̀kan má nípọn ju 3 mm lọ. Bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ ní 10 mm, kókó tó tó 1 cm lè bọ́ sáàárín méjì.

Ẹ ní kí wọ́n ya àyà pọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀dọ̀fóró ni ibi tí jẹjẹrẹ kíndìnrín fẹ́ràn láti sá lọ jù.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́

Kánúlà ni àkọ́kọ́. Oògùn náà gbọ́dọ̀ wọlé kíákíá, nǹkan bíi 3 sí 4 ml láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kánúlà aláwọ̀ búlúù tí wọ́n gún sẹ́yìn ọwọ́ kò lè gbà á. Aláwọ̀ pínkì, ní kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́, ló yẹ. Bí oògùn bá wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwòrán yóò pẹ́, yóò sì rẹ̀wẹ̀sì, nọ́ḿbà kò sì ní gòkè bó ti yẹ. Bí ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí wú tàbí kó máa ta yín nígbà tí oògùn ń wọlé, ẹ pariwo, wọn yóò dá a dúró.

Èkejì ni mímí. Kíndìnrín ń lọ sókè sódò pẹ̀lú èémí. Bí aláìsàn bá fa èémí púpọ̀ nígbà àkọ́kọ́, tó wá fa díẹ̀ nígbà kejì, ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò máa díwọ̀n. Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ a máa fi dídá èémí dúró kọ́ aláìsàn lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta kó tó tan ẹ̀rọ. Èyí ni àmì tí a máa ń kọ́kọ́ wò láti mọ ilé àyẹ̀wò tó dáńtọ́.

Ẹ̀kẹta ni kókó tó kéré púpọ̀. Èyí tí kò tó 1 cm tàbí 1.5 cm lè fi irọ́ gòkè nítorí ìmọ́lẹ̀ kíndìnrín tó yí i ká. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú nọ́ḿbà bẹ́ẹ̀ nìkan gbé yín lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

Ẹ̀rù contrast pọ̀ lára àwọn ènìyàn ju bó ti yẹ lọ. Kí ẹ tó lọ, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ creatinine, kí wọ́n fi ṣírò eGFR, ìyẹn nọ́ḿbà tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Bí eGFR bá lé ní 30, ọ̀pọ̀ ènìyàn lè gba contrast láìsí wàhálà. Bí kò bá tó 30, ẹ jẹ́ kí dókítà wọn èrè rẹ̀ mọ́ ewu rẹ̀, bóyá MRI ni yóò dára jù. Àwọn tó ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà, tí eGFR wọn sì ti lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, yóò dá a dúró fún wákàtí 48, wọn yóò sì tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò kí wọ́n tó padà sí i. Ẹ mu omi dáadáa. Àwọn kan ń sọ pé ẹni tí edé tàbí akàn kò bá lára mu kò lè gba contrast; kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ sọ ni bí contrast bá ti dà yín láàmú rí, tàbí bí ẹ bá ní ikọ́ asthma tó le, tàbí bí oyún bá wà. Ooru tó gba gbogbo ara, ẹnu tó dà bíi pé a lá irin, àti bíi pé a ti tọ̀ sára, wọ́n á lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ara yíyún tó lé kókó, tàbí èémí tó ń há, kì í ṣe ohun tí à ń fara dà: ẹ pe nọ́ọ̀sì. Ilé àyẹ̀wò tí kò ní abẹ́rẹ́ adrenaline nítòsí kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní contrast.

Ohun tí ẹ ó gbà lọ sílé

Ẹ gba síìdì tí gbogbo àwòrán wà lórí rẹ̀. Fíìmù ńlá tí wọ́n ń tẹ̀ jáde dára lójú, ṣùgbọ́n àwòrán díẹ̀ péré ló wà níbẹ̀ nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ẹnikẹ́ni kò sì lè díwọ̀n HU lára rẹ̀. Bí ẹ bá ní síìdì, dókítà mìíràn lè tún un wò láìsan owó CT tuntun.

Nínú ìwé àbájáde, ẹ wá nọ́ḿbà HU ti ṣáájú àti ti ẹ̀yìn. Ẹ wá ìwọ̀n kókó náà, bóyá ọ̀rá wà nínú rẹ̀, bí kíndìnrín kejì ṣe rí, ẹ̀dọ̀, àwọn lymph node (kókó kéékèèké tó ń bá àrùn jà), àti bóyá jẹjẹrẹ ti wọ inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti kíndìnrín. Kókó tí ọ̀rá hàn gbangba nínú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ angiomyolipoma, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó bá ti lé ní 4 cm lè ṣẹ̀jẹ̀. Bó bá jẹ́ àpò omi tí ara rẹ̀ nípọn tàbí tó ní ògiri nínú, wọn yóò fi ìpele Bosniak sí i, òṣùwọ̀n bó ṣe ṣeé ṣe kó jẹ́ jẹjẹrẹ tó, láti I dé IV. I àti II kò ní kí ẹ ṣe nǹkan kan. IIF ń fẹ́ kí a máa ṣọ́ ọ. Nǹkan bí ìdajì III ló ń jẹ́ jẹjẹrẹ, púpọ̀ jù lọ nínú IV sì ni.

CT tó dára jù lọ pàápàá ní ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ pin sí. Oncocytoma, kókó kan tí kì í pani, jọ jẹjẹrẹ lójú rẹ̀. Nínú àwọn kókó ẹran tí kò ju 4 cm lọ, nǹkan bí 1 nínú 5 kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ohun tí biopsy, ìyẹn fífi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ lára kókó fún àyẹ̀wò, wà fún nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló nílò rẹ̀: ẹni tí kókó rẹ̀ tóbi, tí iṣẹ́ abẹ sì ti dájú, lè lọ tààrà. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ṣe é kí a tó fi ooru tàbí òtútù sun kókó, àti kí a tó bẹ̀rẹ̀ oògùn fún èyí tó ti tàn káàkiri. Ó kéré tán, kí wọ́n mú ẹran méjì, kí wọ́n sì jù ú sínú formalin ìdá 10 nínú 100 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Omi iyọ̀ kò lè pa á mọ́, yóò jẹrà kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò wò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí irin bá kan jẹjẹrẹ, ṣe ni yóò tàn. Pé abẹ́rẹ́ biopsy tan jẹjẹrẹ kíndìnrín ká ojú ọ̀nà rẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n gidigidi.

Ẹ kọ genotype sórí fọ́ọ̀mù

Èyí ló ń dùn wá jù, nítorí àwa Yorùbá ló kàn gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n ti sọ fún àwọn AS pé kò sí ohun tí AS ń ṣe fún ènìyàn. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irú jẹjẹrẹ kíndìnrín kan wà tí wọ́n ń pè ní renal medullary carcinoma, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ AS nìkan ló ń mú. Ó sábà máa ń wà ní kíndìnrín ọ̀tún, ó ń yára, àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá-ó-lé títí dé ọgbọ̀n ọdún ló sì sábà máa ń bá. AS lè mú kí ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ wá láìsí jẹjẹrẹ kankan, èyí sì ni ó wọ́pọ̀ jù. Nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe máa ń sọ fún ọ̀dọ́ pé kó lọ sinmi, kó mu omi. Ọ̀dọ́ AS tí ìtọ̀ rẹ̀ bá lẹ́jẹ̀, pàápàá bí ìhà bá ń dùn ún tàbí tó ń rù, ẹ ya CT onícontrast fún un. Oògùn tí a ń lò fún clear cell kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Kímò tó ní platinum nínú ni wọ́n ń kọ́kọ́ lò. Dókítà tó ń ka àwòrán kò lè ronú sí i bí fọ́ọ̀mù kò bá sọ pé AS ni aláìsàn.

Ibi tí àbájáde ń gbé yín lọ

Ìwọ̀n kókó ló ń darí iṣẹ́ abẹ. Èyí tí kò bá ju 4 cm lọ, ibi tó bàjẹ́ nìkan ló yẹ kí wọ́n gé, kí ìyókù kíndìnrín wà. Láàárín 4 sí 7 cm, kí wọ́n gbìyànjú bẹ́ẹ̀ náà bí ààyè bá gbà. Bó bá lé ní 7, odidi ni wọ́n sábà máa ń yọ. Bí jẹjẹrẹ bá ti wọ iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn, iṣẹ́ abẹ ṣì ṣeé ṣe lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má gbà pé ó ti parí. Ẹ bi oníṣẹ́ abẹ yín ní tààrà pé, “Ṣé ẹ lè fi ìyókù sílẹ̀?” Bó bá ní rárá, kó sọ ìdí. Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò le, tí kókó rẹ̀ kò sì tó 2 cm, ṣíṣọ́ ọ pẹ̀lú sikáànù lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ìwà àìbìkítà. Ọ̀pọ̀ irú wọn kì í fi ju nǹkan bíi 3 mm tóbi sí i lọ́dún kan.

Bó bá ti tàn káàkiri, kímò lásán kì í ran clear cell. Bí wọ́n bá fẹ́ tà á fún yín, ẹ béèrè ìdí. Sunitinib, oògùn clear cell tó dé ọjà lọ́dún 2006, jẹ́ kápúsù 50 mg lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4, kí a sinmi fún ọ̀sẹ̀ 2. Ó máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, nítorí náà ẹ máa wọn ìfúnpá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ thyroid wò. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ lè máa ta, kí wọ́n sì bó. Ìpara oníyúríà ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọ̀ ara lè pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bí ẹyinjú bá funfun, kì í ṣe ibà pọ́njú, àwọ̀ oògùn náà ni. Rifampicin tí a ń lò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ ń dín agbára rẹ̀ kù, ketoconazole ń sọ ọ́ di púpọ̀ jù lára. Àgbo ńkọ́? Ẹ dá a dúró pátápátá. Àwọn àgbo kan ń ba kíndìnrín tó ṣẹ́ kù jẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe máa bá oògùn náà jà.

Pembrolizumab àti nivolumab, tí wọ́n ń jí àwọn ọmọ ogun ara dìde, ń gba dírípù. Wọ́n wọ́n gan-an, a sì gbọ́dọ̀ pa wọ́n mọ́ sínú fíríìjì láàárín 2°C sí 8°C títí wọn yóò fi dé ara aláìsàn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ibi tí oògùn náà ti sùn mọ́jú. Inú ṣíṣu tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má fi oògùn ìgbẹ́ gbuuru lásán tọ́jú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ogun ara ti kọjú ìjà sí ìfun, steroid ló sì ń dá a dúró. Ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní tábìlì ìgbowó ilé àyẹ̀wò, kí ẹ tó ka owó, ẹ sọ ọ́ báyìí: “CT kíndìnrín, kí ẹ ya ṣáájú contrast, kí ẹ ya lẹ́yìn contrast, kí àyà bá a lọ, kí ẹ kọ HU méjèèjì sínú ìwé, kí ẹ sì fún mi ní síìdì.” Ilé àyẹ̀wò tó bá ní òun kò lè ṣe é, ẹ lọ sí òmíràn.